Kí ló dé tí àwọn Fujiwara kò fi dé adé fúnra wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, eré àwọn ará Japan ni mo sì máa ń wò bí mo bá fẹ́ sinmi. Nínú èyí tí mo wò gbẹ̀yìn, ọba ni gbogbo ènìyàn ń wólẹ̀ fún, àmọ́ baba ìyá rẹ̀ ló ń pàṣẹ. Wọ́n ní ìdílé Fujiwara ni. Bí agbára bá wà lọ́wọ́ wọn tó báyẹn, kí ló dé tí wọn ò kúkú gba adé? Ta ló sì wá lé wọn lọ nígbẹ̀yìn?

Ìdáhùn: Kú ìbéèrè o, ọmọ mi. Jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn mú un. Kò sẹ́ni tó lé wọn lọ. Kò sí òru ọjọ́ kan tí ọ̀tá ya wọ agbo ilé wọn tó ní kí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́. Ńṣe ni agbára ń yọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, tí oyè sì kù sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì ń jẹ oyè náà lọ títí di 1868. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ìdí tí wọn kò fi dé adé.

Ọdún 645 ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdílé Soga ló ń darí ààfin nígbà náà, ọmọbìnrin tí wọ́n ń fún ọba fẹ́ ni wọ́n sì fi ráyè wọlé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nakatomi no Kamatari, láti ìdílé àwọn tó ń bọ òrìṣà fún ààfin, bá ọmọ ọba kan, Naka no Ōe, dìtẹ̀. Wọ́n pa Soga no Iruka nínú ààfin, níṣojú ọbabìnrin tó wà lórí ìtẹ́. Ọmọ ọba yẹn ló wá di ọba Tenji. Ní 669, nígbà tí Kamatari wà lórí ibùsùn ikú, Tenji fún un ní orúkọ ìdílé tuntun: Fujiwara. Pápá ìtàkùn fuji ni ìtumọ̀ rẹ̀. (Kì í ṣe ti Òkè Fuji tí Bàrísítà fi sọ orin rẹ̀ o; àmì tí àwọn ará Japan fi ń kọ méjèèjì yàtọ̀.) Ìtàkùn tí mo ń wí yìí a máa yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń ṣù rọ̀ sílẹ̀, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró. Igi ẹlòmíràn ló ń gùn. N kò rò pé Tenji ní èyí lọ́kàn, àmọ́ orúkọ a máa ro ni.

Ẹ wá gbọ́ ti adé. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ìran Amaterasu, òrìṣà oòrùn, ni ọba ti ṣẹ̀ wá. Àwọn Fujiwara náà ní òrìṣà tí wọ́n ti ṣẹ̀, Ame no Koyane ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ wo ni ìtàn gbé lé e lọ́wọ́? Nígbà tí Amaterasu bínú wọ inú ihò lọ tí ayé ṣókùnkùn, òun ló dúró lẹ́nu ihò tó ń ké ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ọmọ-ọmọ Amaterasu sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá jọba sáyé, ó wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Ṣé o rí i? Láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni wọ́n ti fún wọn ní àyè: ẹni tí ń dúró ti ọba. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn tà láàfin ni kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó sórí ìtẹ́. Fujiwara tó bá dé adé ti fọwọ́ ara rẹ̀ gé igi tó ń gùn. Èmi tilẹ̀ rò pé kò wù wọ́n. Ọba ayé ìgbà náà, ètùtù àti ayẹyẹ ló ń gba ojúmọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pín oyè, kó kó owó orí, kó lé ọ̀tá lọ, ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́ ló ti máa ráyè ṣe é.

Ọ̀nà obìnrin ni wọ́n wá tọ̀, ọ̀nà tí wọ́n bá lẹ́sẹ̀ àwọn Soga. Fuhito, ọmọ Kamatari, fi ọmọ rẹ̀ Miyako fún ọba; ọmọkùnrin tí obìnrin náà bí ní 701 ló di ọba Shōmu. Nígbà tí Shōmu bàlágà, ọmọ Fuhito mìíràn, Kōmyōshi, ni wọ́n tún fún un. Ìyá ọba àti aya ọba, ọmọ baba kan náà! Ọmọ ọba kan, Nagaya, wà nílẹ̀ tó lè dí wọn lọ́wọ́. Ní 729 wọ́n fi ẹ̀sùn oògùn ìkà kàn án, wọ́n sì mú kó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Kōmyōshi ti di olorì àgbà, ipò tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n bí sínú ìdílé ọba. Ilẹ̀ẹ́gbóná wá wọ ìlú ní 737, ó pa ọmọkùnrin Fuhito mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín oṣù díẹ̀. Ilé mìíràn ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti dá agbo ilé tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Ilé Àríwá, ló sì yọrí ju àwọn yòókù lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ọ, o gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bímọ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ jẹ́ èèwọ̀ nínú ààfin. Bí olorì bá lóyún, ilé baba rẹ̀ ló máa lọ bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń tọ́ ọmọ. Ọmọ ọba á lajú sáyé, ojú baba ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ baba ìyá rẹ̀ ni yóò ti kọ́ ìrìn. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á rọ ọba tó wà lórí ìtẹ́ pé kó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á gbé ọmọdé náà gùn ún. Ọmọdé ò lè ṣèjọba, àfi kó ní adelé. Ta ló tún sún mọ́ ọn ju baba ìyá rẹ̀ lọ?

Yoshifusa ló kọ́kọ́ ṣe é délẹ̀. Ní 858 ọmọ-ọmọ rẹ̀, Seiwa, jọba ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní 866 wọ́n fi Yoshifusa jẹ sesshō, ìyẹn adelé, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́ láìjẹ́ ọmọ ọba. Mototsune, ọmọ tó gbà tọ́, wá fi oyè kejì kún un, kampaku, fún ìgbà tí ọba bá ti dàgbà: gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ kampaku kọjá kó tó dé etí ọba. Ní 887, nígbà tí ọba Uda kọ ìwé ìyànsípò sí i, ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà, akō, bí Mototsune nínú. Ó ní oyè tí kò ní iṣẹ́ nínú ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ó bá jókòó sílé. Iṣẹ́ ìjọba dúró jọwọrọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ọba fi gbé ọ̀rọ̀ náà jẹ ní 888. Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Lọ́jọ́ yẹn ni ọba Japan mọ ẹni tó jù ú lọ.

Ẹni tó bá dí wọn lọ́nà, wọn kì í sábà pa á, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń lé e lọ. Èyí tó lókìkí jù ni Sugawara no Michizane, ọ̀mọ̀wé tí ọba Uda gbé ga. Ní 901, Tokihira ọmọ Mototsune sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, wọ́n sì lé e lọ sí Dazaifu ní erékùṣù Kyushu, ibẹ̀ ló kú sí ní 903. Tokihira náà kú ní 909, kò tíì pé ogójì ọdún. Ní 930, àrá sán lu ààfin, ó pa àwọn ìjòyè. Jìnnìjìnnì bo gbogbo wọn, wọ́n ní Michizane ló ń jà. Wọ́n bá kọ́ ojúbọ fún un, wọ́n sọ ọ́ di òrìṣà. Títí dòní, ojúbọ rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Japan ń lọ bẹ̀bẹ̀ bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé. Bóyá kí ìwọ náà ya ibẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Mo fura pé Michinaga ni o rí nínú eré rẹ, torí òun ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Wọ́n bí i ní 966, ọmọkùnrin karùn-ún baba rẹ̀ ni, kò sí ẹni tó rò pé ipò á kàn án. Ní 995 ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ kampaku kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kejì gba oyè náà, ọjọ́ díẹ̀ ló lò nídìí rẹ̀ tí àjàkálẹ̀ àrùn fi mú òun náà lọ. Ó wá ku Michinaga àti Korechika, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá ọba, Senshi, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Michinaga obìnrin, ló ti àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà obìnrin náà ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn èèyàn Korechika ta ọfà sí ọba àná kan nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin, wọ́n sì lé Korechika kúrò nílùú. Ẹni tó yẹ kó bá a du ipò ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ yẹn.

Ní 999, Michinaga fi ọmọ rẹ̀ Shōshi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fún ọba Ichijō, ẹni tó ti ní olorì tó fẹ́ràn gidigidi, Teishi, àbúrò Korechika. Michinaga mú kí ọba kan ní olorì àgbà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ẹnì kan kò ṣe rí. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ó dúró fún ọdún mẹ́sàn-án kí ọmọ tó dé. Àwọn ènìyàn máa ń kọjá ibẹ̀ wéré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí o wò. Ọkùnrin tó lágbára jù ní Japan, gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, inú ọmọdébìnrin kan ló ń wò. Kò sí ohun tó lè ṣe sí i ju àdúrà lọ.

Ní 1008, Shōshi bí ọmọkùnrin sí ilé baba rẹ̀ ní Tsuchimikado. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń sin olorì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ó ní Michinaga kì í mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí kò tíì mọ́, yóò wọlé wá gbé ọmọ náà kúrò ní àyà alágbàtọ́. Lọ́jọ́ kan ọmọ tọ̀ sí i láṣọ. Ó tú aṣọ náà, ó ní kí wọ́n yá a lẹ́bàá iná, ó sì ń fi ayọ̀ sọ pé ìtọ̀ ọmọ ọba tó rin òun yìí, ohun tí òun ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Bàbá àgbà ni, bíi gbogbo bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ yẹn, adé ló wà nínú rẹ̀.

Ọba tó tẹ̀ lé Ichijō, Sanjō, ojú ń dùn ún, kò ríran dáadáa mọ́, Michinaga sì fi ìyẹn ni ín lára títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ ní 1016. Ọmọ tó tọ̀ sí i láṣọ gorí ìtẹ́, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Michinaga ṣe adelé fún nǹkan bí ọdún kan, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀ Yorimichi. Kampaku tí gbogbo ayé ń pè é yẹn, kò jẹ ẹ́ rí. Kò nílò rẹ̀. Ní 1018 ó fi ọmọ rẹ̀ mìíràn, Ishi, ṣe olorì ọba kékeré náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ishi ni ọkọ rẹ̀, Ishi sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án jù ú. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọbìnrin Michinaga mẹ́ta ló wà ní ipò olorì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní àsè ọjọ́ náà, Michinaga ti mutí yó díẹ̀, ó ní kí ìjòyè kan tó ń jẹ́ Sanesuke múra láti fi ewì fèsì sí tòun. Ó wá ké ewì kúkúrú kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ayé yìí, ayé tòun ni, torí kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀, bí òṣùpá tó yọ kíkún. Sanesuke kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́n, ó ní ewì náà dára ju kí òun dáhùn lọ, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa jọ kà á. Gbogbo wọn bá ń kà á léraléra. Sanesuke délé, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Michinaga náà ní ìwé tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí, ó sì sọ níbẹ̀ pé òun ké ewì, àmọ́ kò kọ ewì náà sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀, a kì bá tí gbọ́ ọ. Nígbà tó ń ké ewì òṣùpá yìí, ara rẹ̀ ò dá mọ́: omi ló ń mu tọ̀sán-tòru, ojú rẹ̀ ń ṣú lọ. Àwọn oníṣègùn òde òní tó ka àkọsílẹ̀ náà ní ó jọ àtọ̀gbẹ.

Yorimichi jókòó sórí ohun tí baba rẹ̀ kó jọ fún àádọ́ta ọdún. Ọrọ̀ wọn ti pọ̀ rékọjá nígbà náà, orí ilẹ̀ ló sì ti ń wá. Ẹni tó ní oko nígbèríko, tó ń bẹ̀rù owó orí gómìnà, yóò gbé oko náà lé ilé ńlá kan lọ́wọ́ ní Kyoto, olú-ìlú wọn nígbà náà: ó di tiyín, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín mójú tó o. Ìrẹsì díẹ̀ yóò máa lọ sí Kyoto lọ́dọọdún, gómìnà kò sì ní lè tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ mọ́. Shōen ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1053 Yorimichi parí Gbọ̀ngàn Fínísì sí tẹ́ńpìlì Byōdō-in ní Uji. Gbọ̀ngàn náà ló wà lára owó ẹyọ yen mẹ́wàá dòní.

Ohun kan ṣoṣo ni kò ní. Àwọn ọmọbìnrin tó fi fún ọba, kò sí èyí tó bí ọmọkùnrin tó jọba. Ní 1068, àádọ́ta ọdún géérégé lẹ́yìn ewì òṣùpá, Go-Sanjō gorí ìtẹ́, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba. Láti ayé Uda, nǹkan bí àádọ́sàn-án ọdún, kò sí ọba tí ìyá rẹ̀ kì í ṣe Fujiwara. Ọdún kejì ló dá ọ́fíìsì sílẹ̀ láti yẹ ìwé àwọn shōen wò. Ìtàn ní nígbà tí wọ́n bi Yorimichi ní ìwé tirẹ̀, ó ní àwọn ènìyàn ló ń gbé ilẹ̀ wá fún òun, òun kàn ń ní “ó dáa” ni, ìwé wo ni òun fẹ́ mú jáde?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí rẹ̀ síbẹ̀: kò sí ọmọ-ọmọ, agbára lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àìrí ọmọ bí ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí, wọ́n sì dúró dè é. Ohun tó yí padà ni pé ní 1086, Shirakawa ọmọ Go-Sanjō fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kékeré, ó sì kọ̀ láti lọ sinmi. Ó jókòó sí ilé tirẹ̀, ó ń pàṣẹ láti ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1129. Wo ọgbọ́n yẹn dáadáa. Ọgbọ́n Fujiwara ni: gbé ọmọdé sórí ìtẹ́, kí ìwọ máa ṣèjọba lẹ́yìn rẹ̀. Ó kàn gbà á lọ́wọ́ baba ìyá ni, ó gbé e fún baba tó bí ọmọ. Baba ọba wá di ẹni tí àwọn onílẹ̀ ń gbé oko wá fún. Baba ìyá ọba ṣì ní oyè, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń dá.

Ìyókù yára. Ní 1156, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Fujiwara, Tadamichi àti Yorinaga, doríjà kọ ara wọn, ẹnì kan ti ọba lẹ́yìn, ẹnì kejì ti ọba àná lẹ́yìn, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn ológun Taira àti Minamoto wá jà fún wọn. Ọfà ba Yorinaga lọ́rùn. Ó sá lọ sí Nara, níbi tí baba rẹ̀ wà. Baba kọ̀, kò jẹ́ kó rí òun. Ó kú síbẹ̀. Àwọn ológun tí wọ́n pè wá kò padà sílé mọ́. Taira no Kiyomori tilẹ̀ fi ọmọ tirẹ̀ fún ọba, ó di baba ìyá ọba ní 1180, bíi Fujiwara gan-an, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn Minamoto pa ilé rẹ̀ run. Ní 1192, Minamoto no Yoritomo di ṣọ́gùn, ìyẹn olórí àwọn ológun, ó sì fi Kamakura ṣe ibùdó, ó jìnnà sí Kyoto.

Àwọn Fujiwara pín sí ilé márùn-ún, Konoe, Kujō, Nijō, Ichijō àti Takatsukasa, wọ́n ń pín oyè adelé àti kampaku jẹ láàárín ara wọn. Nígbà tí ogun 1467 sí 1477 jó Kyoto run, olórí ilé Ichijō kó lọ sí oko rẹ̀ ní Tosa kó lè rí jẹ. Síbẹ̀, ní 1585, nígbà tí Hideyoshi, ọmọ àgbẹ̀ tó fi idà gba Japan, ń wá oyè tó tóbi, kampaku ló fẹ́, àfi kí olóyè Konoe kan gbà á ṣọmọ kó tó lè jẹ ẹ́. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ni kò ní.

Bó ṣe wà nìyẹn di ayé àwọn bàbá wa. Nígbà tí Konoe Fumimaro di olórí ìjọba Japan ní 1937, ìyá ọba Hirohito tó wà lórí ìtẹ́ jẹ́ ọmọ ilé Kujō. Fujiwara lọ́tùn-ún, Fujiwara lósì. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáínà, àwọn ọ̀gágun ni wọ́n sì ń sọ ibi tí ogun máa gbà, olórí ìjọba ń tẹ̀ lé wọn. Konoe gbé májèlé jẹ ní December 1945, lọ́jọ́ tó yẹ kó yọjú sí àwọn Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá ṣẹjọ́. Òfin 1947 sì fagi lé oyè àjogúnbá gbogbo wọn.

Àmì ìtàkùn yẹn ṣì wà kiri ṣá. Satō, Itō, Katō, Saitō, Gotō: “tō” tó gbẹ̀yìn orúkọ wọ̀nyí, àmì fuji kan náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ ẹ ló jẹ́ ọmọ bíbí ilé náà. Satō ni orúkọ ìdílé tó pọ̀ jù ní Japan. Bí eré rẹ bá tún parí, ka orúkọ àwọn tó ṣe é.